Ohun tí ó ń wu Ọmọ: Ìtàn Ìyípadà Ìfẹ́-Ọkàn Ọmọdé ní Agbègbè Ẹnubodè Yewa

Ìfáárà

Ohun tí ó ń wu ọmọ ọdún márùn-ún kọ́ ni ó ń wu ọmọ ọdún méjìlá, èyí tí ó sì ń wu ọmọ ọdún méjìlá kì í pẹ́ sú u bí ó bá ti ń súnmọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo òbí ni ó mọ èyí. Olùkọ́ sì mọ̀ ọ́n ju òbí lọ, nítorí ojú rẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, pàápàá Jean Piaget, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ti ṣàlàyé pé ìpele-ìpele ni ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà ronú máa ń yí padà bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Àlàyé yìí wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Nàìjíríà máa ń kọ́ sórí kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà bi ara wọn lẹ́yìn ìdánwò náà: nígbà tí ohun àtijọ́ bá sú ọmọ, ta ni ó ń gbé ohun tuntun tí yóò wù ú síwájú rẹ̀? Ẹ̀dá ọmọ ni ó ń mú kí ìfẹ́-ọkàn rẹ̀ yí padà. Ìtàn àwùjọ rẹ̀ ni ó ń pinnu ibi tí ìfẹ́-ọkàn náà yóò yí sí.

Agbègbè Yewa, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbádò ni orúkọ tí a mọ agbègbè náà mọ́ títí di ọdún 1995, nígbà tí wọ́n fi orúkọ odò Yewa rọ́pò rẹ̀. Ìlaròó àti Ayétòrò ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù àti Àríwá Yewa. Ìmẹ̀kọ, Ìpókíá, Ìdíròkọ́ àti Ọjà-Ọ̀dàn wà káàkiri ẹ̀bá ààlà, ilẹ̀ Olómìnira Benin sì wà ní ìwọ̀-oòrùn wọn. Kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ó ń gbé níbẹ̀: Ẹ̀gbádò wà, Kétu wà, Ọ̀họ̀rí, Àwórì, Ànàgó àti Ègùn náà sì wà. Ohun tí ó mú kí agbègbè yìí yẹ fún àyẹ̀wò ni pé láàárín ọdún tí kò tó ọgọ́rin, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wọlé tọ àwọn ọmọ rẹ̀ wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fà wọ́n sí ọ̀nà tirẹ̀: ààlà òyìnbó ní 1889, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, àti irú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà nígbà náà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ tí ó ń fi ayọ̀ ké ìdáhùn nínú kíláàsì kejì lè di ẹni tí kì í wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ọjà nígbà tí ó bá dé JSS 2. Bí olùkọ́ bá ka èyí sí ọ̀lẹ, ìyà ni yóò fi wò ó. Bí ó bá mọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó wá oògùn mìíràn.

Ọmọdé ní Yewa kí Ilé-ẹ̀kọ́ tó Gbilẹ̀

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó ń fi iye ọdún pín ọmọdé sí ìsọ̀rí. Ohun tí ọmọ lè ṣe ni orúkọ ìsọ̀rí rẹ̀ máa ń sọ. Ọmọ ọwọ́ ni èyí tí wọ́n ṣì ń gbé lọ́wọ́. Ọmọ ìrìnsẹ̀ ni èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Nígbà tí ó bá tó ẹni tí wọ́n lè rán níṣẹ́, tí yóò sì jẹ́ ẹ bí wọ́n ti rán an, ó ti bọ́ sí ìsọ̀rí mìíràn nìyẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí ọmọ ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí ni ó ń di ọ̀dọ́langba, lẹ́yìn náà géńdé tàbí wúndíá. Ẹni tí ó bá fetí sí àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé kò sí òǹkà nínú ìkankan wọn.

Fáfúnwá (1974), nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ kò ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́, kò sì ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà. Ayò jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wu ọmọ kékeré nínú ayò ni ọmọ ayò fúnra rẹ̀, bí ó ti ń dán, bí ó sì ti ń dún nínú ojú ọpọ́n. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, kíkà á ni yóò máa wù ú. Bí ó bá tún dàgbà sí i, ìṣirò ni yóò gbà á lọ́kàn: iye ọmọ tí ó kù lójú ilé alátakò, ibi tí tirẹ̀ yóò parí sí. Nígbẹ̀yìn, ìfẹ́ láti kúrò ní ọ̀pẹ kí ó sì di ọ̀ta lójú àwùjọ ni yóò kù. Ìfẹ́-ọkàn rẹ̀ yí padà nígbà mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọpọ́n kan náà ni ó jókòó tì, lábẹ́ igi kan náà, lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà kan náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oko rí. Ọmọ a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ kékeré tí ó ń fi ṣeré lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Yóò di ẹni tí wọ́n fún ní ebè mélòó kan kí ó fi gbin ohun tí ó bá wù ú. Yóò sì di ẹni tí ó ń lọ ṣe àbọ̀ṣẹ́ lóko tirẹ̀ bí iṣẹ́ bàbá bá ti parí.

Nínú àlọ́ pẹ̀lú, orin tí ó wà nínú àlọ́ àpagbè ni ó ń fa àwọn kéékèèké mọ́ra, nígbà tí àwọn tí ó ti gbọ́n díẹ̀ fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ nítorí ìdíje tí ó wà níbẹ̀. Òkòtó, arìn, bojúbojú àti ìjàkadì náà ní ọjọ́ orí tí wọ́n bá mu, kò sì yẹ kí àlàyé lórí wọn gùn níhìn-ín, nítorí kò sí apá ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kò sí.

Ohun tí ó jẹ́ ti Yewa àti Kétu ní pàtàkì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn ìtàn kan sọ pé Kétu ni ó ti ṣẹ̀, àwọn mìíràn sì tọ́ka sí Ìlóbí, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Yewa. Ibi yòówù kí ó ti ṣẹ̀, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn àṣà aláìlẹ́gbẹ́ tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, wọ́n sì fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àìlèfọwọ́kàn ní 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àwọn onímọ̀ bíi Drewal àti Drewal (1983) àti Lawal (1996) ti kọ̀wé púpọ̀ nípa ọ̀wọ̀ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bù fún àwọn ìyá, nípa Ẹ̀fẹ̀ tí ń kọrin lóru, àti nípa ère tí àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ fún un. Èyí tí ó kan iṣẹ́ yìí jùlọ ni ètò ijó ọ̀sán. Kì í ṣe àwọn àgbà onijó ni ó ń kọ́kọ́ wọ agbo. Àwọn ọmọdé ni ó ń ṣíwájú, àwọn mìíràn nínú wọn kéré débi pé agbára káká ni wọ́n fi ń gbé ère dúró lórí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ó jù wọ́n lọ, lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn ọ̀dọ́, kí ó tó wá kan àwọn ọ̀jẹ̀wọ́ onijó tí gbogbo ìlú ti ń retí láti òwúrọ̀.

Ó yẹ kí ènìyàn ronú lórí ètò yìí. Láàárín wákàtí mélòó kan, gbogbo ìgbà ọmọdé dé ìgbà géńdé ń kọjá lójú ìlú ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì máa wo ẹni tí ó jù ú lọ díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá onijó ni ó ń ṣe àfarawé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta jù ú ni. Ní ti ọmọ kékeré, aṣọ aláràbarà àti ṣaworo ẹsẹ̀ ni ó wù ú. Ẹni tí ó jù ú lọ ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun gbọ́dọ̀ bá ìlù mu, pé bí ìlù bá sọ̀rọ̀ tí ẹsẹ̀ kò sì dáhùn, àwọn ìyá tí ó dúró yíká yóò rí i. Ọ̀dọ́langba fẹ́ ìyìn, ó sì fẹ́ kí àwọn wúndíá rí òun. Àgbà onijó ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń jó. Bí ohun tí ó wà lókè àtẹ̀gùn náà kò bá tilẹ̀ yé ọmọ, ó ń rí i, ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ń lọ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí olùkọ́ ìtàn fi adùn bo ìtàn mọ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn tí a ń sọ yìí, ọkùnrin ni ó ń gùn ún lọ sókè jùlọ. Àwọn ìyá ni wọ́n ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún, wọ́n sì ní oyè nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó ń wọ inú agọ̀. Ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ kò ní agbo tí yóò gbé e yọ lọ́nà yẹn. Àtẹ̀gùn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọbẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ tí ó ń sè ṣeré, ó gba ìdí ọjà ìyá rẹ̀ kọjá, ó sì parí sí ilé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè ilé kò ní àtẹ̀gùn kankan: oko olówó rẹ̀ ni eré rẹ̀, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó bá sì jẹ́ pé ilù ni ó wù ú, tàbí ọmọ onílù tí iná àgbẹ̀dẹ ń pè, kò rọrùn fún un. Ohun tí ètò àtijọ́ ṣe dáadáa ni pé kò jẹ́ kí ìfẹ́-ọkàn ọmọ já sí òfo. Ohun tí kò ṣe ni pé kò bi í léèrè èwo ni ó fẹ́.

Ààlà Òyìnbó àti Ọmọ Ẹnubodè

Àwọn ọmọ tí a bí ní agbègbè yìí láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣeré. Ogun Dahomey ń jà. Ní 1886 ni wọ́n pa Kétu run, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Orúkọ Ayétòrò gan-an sọ ohun tí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ń fẹ́. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fa ìlà gba àárín ilẹ̀ náà kọjá. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ọmọ Kétu, àti Ìlaròó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Asíwájú (1976), tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣe àlàyé kíkún lórí bí ìyà iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi ipá múni ṣe sójà ní ìhà Faransé ṣe ń lé àwọn ènìyàn sá kọjá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Nínú irú ìsákọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ ń bá òbí rẹ̀ sá, ó sì ń mọ ọ̀nà inú igbó.

Ní ti ẹ̀kọ́, ìlà náà ya ọmọ ìyá kan náà sọ́tọ̀. Ní ìhà Faransé, èdè Faransé nìkan ni wọ́n fàyè gbà nínú kíláàsì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ìjọ Ọlọ́run ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láti ìgbà tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, ní gúúsù Yewa, ní 1843. Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn kéékèèké ní ìwé ABD kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọlé. Nítorí náà, ọmọ ọdún méje ní Ìmẹ̀kọ lè rí orúkọ ẹran inú àlọ́ rẹ̀ nínú ìwé, nígbà tí ìbátan rẹ̀ ní Kétu ń ka orúkọ odò ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀ ní ìhà méjèèjì, ọ̀pọ̀ òbí kò sì rí ìdí tí ọmọ tí ó wúlò lóko yóò fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nínú kíláàsì kan náà ni géńdé tí irùngbọ̀n ti ń hù àti ọmọ kékeré ti ń kà. Kò sí ẹni tí ó rí i bí ohun ìtìjú.

Ọdún 1955

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni Olórí Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, S. O. Awókòyà sì ni mínísítà ẹ̀kọ́ tí ó gbé ìlànà náà kalẹ̀ ní 1952. Owó orí tí wọ́n fi kún un nítorí ètò náà bí àwọn ènìyàn nínú débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fìdí rẹmi ní agbègbè náà nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní kí ó wá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn òbí ní Ẹ̀gùà tàbí Ọjà-Ọ̀dàn ni ó kọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Ọgbọ́n tí àwọn olùkọ́ dá ni pé kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba àárín orí kọjá. Bí ó bá fi kan etí òsì, ó ti tó. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá ṣì rántí èyí, wọ́n sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ìyípadà tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan. Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí wọ́n fi ohun tí ara ọmọ lè ṣe wọn ọjọ́ orí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, òǹkà ni ọjọ́ orí rẹ̀. Kíláàsì di ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́jọ́-orí kan náà. Ẹni tí ó fi ọdún méjì ju ọmọ lọ, ẹni tí ó máa ń wò nínú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti wà lẹ́yìn ògiri kíláàsì mìíràn.

Èrè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ jọjọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ọmọbìnrin tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti ń parí sí ìdí àdògán rí ọ̀nà mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́bìnrin àkọ́kọ́ ní àwọn abúlé jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ tilẹ̀ mọ bí ìfẹ́-ọkàn ọmọ ti ń yí: ìwé kìíní wà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì ń le sí i títí dé ìwé kẹfà, nínú èyí tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àgbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni òpin ọdún kẹfà. Wọ́n ti dín ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti ọdún mẹ́jọ sí mẹ́fà, nítorí náà ọmọ ọdún méjìlá ni ó ń jáde, kì í ṣe géńdé tí ó ka ìwé mẹ́fà bíi ti àtijọ́. Àwọn àkọ́bí ètò náà jáde ní 1960. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kò tó nǹkan, owó rẹ̀ sì wọ́n; Egbado College tí ó wà ní Ìlaròó láti 1950 kò lè gba gbogbo wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta gba díẹ̀. Oko bàbá ṣì wà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà gan-an tí ó yẹ kí ọmọ fi gba ebè mélòó kan, kí ó sì ti ibẹ̀ dé àbọ̀ṣẹ́, orí bẹ́ǹṣì ni ó ti lò ó. Ìyẹn ni pé wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan, wọ́n gbé e sórí òmíràn tí ó ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré, wọ́n sì bínú sí i nígbà tí ó dúró láàárín méjì tí ó ń wo ọ̀nà Èkó. Àwọn àbúlé oko tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí 1960 fi hàn pé ìjọba mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ Banjo, tí ó jábọ̀ ní 1961, náà ṣe àyẹ̀wò bí ẹ̀kọ́ ti ń rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìtó olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ ni wọ́n tẹnu mọ́, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni ó ṣaláìtó. Ohun tí ó yẹ kí ó wu ọmọ lẹ́yìn ọdún méjìlá ni kò sí.

Ayétòrò, 1963

Láàárín ìpòrúùru yìí ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti ìmọ̀ràn àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Harvard. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ayé ìgbà náà ti pinnu tẹ́lẹ̀ ohun tí yóò wu ọmọ: ìwé, àti ìwé sí i. Ti Ayétòrò gba ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ọmọ yóò kọ́kọ́ jọ tọ́ ohun púpọ̀ wò: ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀, òwò, ìtọ́jú ilé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò yà sí ibi tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí. Ọmọ kì í yàn kí ó tó rí.

Níbẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Social Studies, ti kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Dípò kí ìtàn àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ máa jẹ́ àkọ́sórí nípa ọba ilẹ̀ òkèèrè, ilé, ọjà àti ìlú ọmọ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mọ́ni pé ìlú kékeré kan ní ẹ̀bá ààlà ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Èkó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó ń kọ́ Social Studies lónìí ni kò mọ̀ pé ọjà Ayétòrò wà nítòsí ibi tí iṣẹ́ náà ti gbéra.

Bí ó ti wu kí ó rí, ohun tí ó ṣeé ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ kan pẹ̀lú owó Amẹ́ríkà kò rọrùn láti ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èrò Ayétòrò ni wọ́n gbé wọ JSS gbogbo orílẹ̀-èdè: kí ọmọ fi ọdún mẹ́ta tọ́ gbogbo nǹkan wò kí ó tó yàn. Èrò náà dára. Ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n rà láti òkè òkun wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí kò sí yàrá, kò sí iná, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ ọdún méjìlá tí ọwọ́ rẹ̀ ń jà án láti tú nǹkan kí ó sì tò ó ni wọ́n ní kí ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà sínú ìwé, kí ó sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Kí ni yóò ṣẹ́ kù tí yóò wù ú níbẹ̀?

Ọjà Ẹnubodè

Ẹnubodè kò fi ìgbà kan dákẹ́ ìpè rẹ̀. Ìyàtọ̀ iye owó ọjà ní ìhà méjèèjì ni ó ń bọ́ ọ: kòkó nígbà kan, irẹsì, aṣọ àlòkù àti ọkọ̀ àlòkù nígbà mìíràn, bẹntiróòlù tí ó ń ti Nàìjíríà lọ sí Benin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Yewa kì í ka ara wọn sí ọ̀daràn nítorí èyí. Ọjà tí àwọn baba wọn ti ń ná kí ìlà tó dé ni. Ìjọba ológun ti ààlà pa láti 1984 títí di 1986. Wọ́n tún tì í ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019; ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn aṣọ́bodè ní kí ọkọ̀ epo má ṣe já bẹntiróòlù sí ilé epo tí kò ju kìlómítà 20 lọ sí ààlà, òfin tí ó kan ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá gan-an. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé kí Ìdíròkọ́ ṣí. Nígbà tí wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìyàtọ̀ iye owó bẹntiróòlù ní ìhà méjèèjì dínkù. Bí ọ̀nà kan bá ti dí ni òmíràn ń ṣí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé owó ni ó ń fa àwọn ọmọ sí ìdí fàyàwọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń gba ọmọ wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń wo ọ̀kadà tí ó ń kọjá, ó sì mọ irú wọn láti orí ìró. Ọmọ ọdún méjìlá ń bá wọn já ẹrù, ó ń bá wọn di kẹ́ẹ̀gì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń jókòó sẹ́yìn alùpùpù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gùn, ó ń kọ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta jù ú lọ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, ó ń rí i, ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ń lọ. Ètò agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni èyí, láìsí ìyá tí ó dúró yíká láti sọ bí ẹsẹ̀ bá ṣì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi òfin àti pàṣán dojú kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ lásán mú ejò.

Ti àwọn ọmọbìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ hàn síta, olùkọ́ kì í sì tètè fura. Iṣẹ́ àtẹ ìyá ni ó ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dà bíi pé ọmọ ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ó kàn ń pẹ́ dé lọ́jọ́ ọjà, lẹ́yìn náà kò wá lọ́jọ́ ọjà, lẹ́yìn náà ọjọ́ ọjà di méjì lọ́sẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ pé dandan ni kí ọmọ lo ọdún mẹ́sàn-án, láti kíláàsì kìíní dé JSS 3. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ lè fi hàn pé ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ lò ó pé, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti jáde láti ọdún keje.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ya olùkọ́ ẹnubodè lẹ́nu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Nàìjíríà yóò sọ èdè Faransé di èdè ìjọba kejì. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè tí wọ́n tún ṣe ní 1998 sì sọ ọ́ di dandan ní JSS. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní abúlé èdè Faransé ní Àgbádárìgì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti apá Nàìjíríà gbogbo ti ń wá kọ́ èdè náà. Nínú kíláàsì ní Ìdíròkọ́ tàbí Ìmẹ̀kọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń gbọ́ Faransé lẹ́nu olùkọ́ bí ẹni tí ń gbọ́ èdè òṣùpá, ó ń kọ́ orúkọ oúnjẹ tí kò jẹ rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọ kan náà ń gbọ́ Ègùn, Yorùbá àti Faransé létí ọjà, ó ń ṣẹ́ náírà sí sẹfà lórí láìlo bírò, ó sì mọ ìgbà tí oníbàárà fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ìṣirò ìpín àti ìdá ọgọ́rùn-ún tí ó gba òdo nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni ó ń ṣe yẹn. Kò tíì sí ohun tí ó dí olùkọ́ lọ́wọ́ láti gbé iye owó ọjà ọjọ́ náà kọ sójú pátákó, ní náírà àti ní sẹfà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.